Abọ́ Omi Tó Pa Kòkòrò

"Kékeré, wọ́n ti jà mí lólè."

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn lórí fóònù ní àárọ̀ kùtù. Kò kí mi, kò béèrè ọmọ, kò béèrè ọkọ. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti dàrú, torí obìnrin tó máa ń kí àwọn abọ́ inú láàbù rẹ̀ káàárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ń kí abọ́, tí kò wá rántí kí àbúrò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Oògùn náà. Wọ́n ti bu omi rọ́pò rẹ̀. Mo sì mọ ẹni tó ṣe é. Máa bọ̀, kí o mú ọlọ́pàá kan dání."

Bí ẹni pé èmi kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ní àgọ́ wa, Àwòdì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní ohun tí mo bá wò lẹ́ẹ̀kan, mo ti rí ìdí rẹ̀. Èmi náà ò bá wọn jiyàn, torí orúkọ dáadáa ò wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ tiwa. Mo ti mú olè tó ń sunkún ju onílé lọ. Mo ti mú ọkọ tó jí góòlù ìyàwó rẹ̀, tó sì tún ń bá a wá a kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n nílé, Kékeré ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, òun ló rán mi lọ sílé ìwé, aṣọ rẹ̀ ni mo sì ń wọ̀ títí mo fi ga jù ú lọ. Nítorí náà, nígbà tó ní kí n máa bọ̀, mi ò dúró ro ó bóyá ó yẹ kí àbúrò máa wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo pe Sájẹ́ńtì, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni láàbù rẹ̀ wà. Fíríìjì ńlá kan dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, tí òun àti láàbù kejì jọ ń lò. Nínú yàrá, gbogbo nǹkan ló funfun: tábìlì, ògiri, ẹ̀wù. Bílíìṣì ń ta sánsán débi pé Sájẹ́ńtì sín lẹ́ẹ̀mejì kó tó kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró nídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú. Ó ti to abọ́ pẹlẹbẹ oníke díẹ̀ síwájú rẹ̀. Lórí ìdérí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi máákà dúdú kọ OÒGÙN gàdàgbà-gàdàgbà.

"Sún mọ́ ibí, kí o lè gbọ́ ọ yé," ló wí, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń kọ́ mi ní ìṣirò. "Jẹ́lì ló wà nínú abọ́ yìí, oúnjẹ kòkòrò ni. A ó fi kòkòrò àrùn ra á lójú, irú èyí tó ń wọ inú egbò, tí oògùn ìgbàanì ò rí ṣe mọ́. A ó wá fi bébà róbótó kékeré kan lé e láàárín. Bí bébà yẹn bá rin fún oògùn tó ń ṣiṣẹ́, kòkòrò ò ní lè sún mọ́ ọn, ibi tó yí i ká á mọ́ tónítóní. Bó bá jẹ́ omi lásán ló wà lára rẹ̀, kòkòrò á hù bo gbogbo ojú jẹ́lì."

"Kí ni wọ́n wá ń fi omi dán an wò fún, mà?" Sájẹ́ńtì béèrè.

"Ká má bàa máa parọ́ fún ara wa ni."

Ó ṣí abọ́ kan. Kòkòrò ti bo ojú jẹ́lì pátápátá, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín tí wọn ò fọ̀ rí. Bébà kékeré náà wà láàárín wọn níbẹ̀, kò lé ẹnikẹ́ni.

"Látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, oògùn yìí ò já mi kulẹ̀ rí," ló wí. "Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí i, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé ká bọ́ síwájú. Òní ni oògùn wá di omi? Lánàá, mo fi bébà sí gbogbo abọ́, mo sì lọ sílé. Jẹ́jẹ́ ló kó wọn wọ inú àpótí ooru kí kòkòrò lè hù. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí, èmi àti òun nìkan la ní in."

Jẹ́jẹ́ ni ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ó ti kàwé gboyè, àmọ́ bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà lórí ẹ̀wù funfun rẹ̀. Mo bọ́ síwájú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo kó abọ́ wọ inú àpótí ooru lánàá?"

"Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ náà ni, mà." Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo ará ibẹ̀ ń pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Mi ò béèrè ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ. Ìwọ ni mo bi."

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tí wọ́n bá sọ náà ni."

"Ṣé ìwọ lo jí oògùn?"

"Rárá, mà."

Ìyẹn nìkan ló dáhùn tààrà. Ojú mi ló wò nígbà tó ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ orí kọ́, kò sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí àwọn tójú ń tì ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò.

"Ẹ ẹ̀ rí i?" Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí i. "Kò rí nǹkan kan sọ. Bọ́ ẹ̀wù yẹn sílẹ̀. Ẹ̀wù yẹn kì í ṣe ti olè."

Jẹ́jẹ́ bọ́ ọ. Àwọn ará láàbù kejì ti kún ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ń wò ó bó ṣe ń ká a, tó tẹ́ ẹ sórí àga bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Sájẹ́ńtì mú un lápá, wọ́n gba àárín èrò kọjá. Ẹnì kan ń pòṣé. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ̀yin ẹ wo ọmọ jẹ́jẹ́." Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn ń fi ọwọ́ fa apá búláòsì rẹ̀ wálẹ̀ ṣáá bí ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò.

Mi ò dá wọn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé olè ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní orí ń fọ́ òun, ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà nínú lọ́hùn-ún. Kó tó wọlé, ó mú ìgò oògùn kékeré tó wà lórí tábìlì.

"Ṣé ẹ fẹ́ dà á nù ni?" mo bi í.

"Kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe?" Àmọ́ kò dà á nù. Ó gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rọra fi í sínú fíríìjì, ó sì rọra tilẹ̀kùn.

Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò fẹ́ràn ẹjọ́ tó rọ̀ jù. Fíríìjì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí olè bá fẹ́ pààrọ̀ oògùn inú ìgò, kò pọn dandan kó wọ yàrá. Ẹni tó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lè ṣe é. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń wò ó látinú àlàfo. Kò pẹ́ tí ọ̀gá láàbù kejì fi yọ. Onítáì ni gbogbo wọn ń pè é, torí bí oòrùn bá fẹ́ jó ènìyàn pa, kò ní tú táì rẹ̀. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó ṣí fíríìjì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn àwọn ìgò, ó fa nǹkan kan yọ, ó sì tì í bọ abẹ́ kóòtù.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó fò sókè.

"Mo... mo ń yẹ ìgò wò ni."

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà bá yín yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó rọra fà á yọ. Mo ti múra láti pe Sájẹ́ńtì padà. Búrẹ́dì ni. Búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà àti ẹyin sí láàárín, tí wọ́n wé sínú ọ̀rá.

Mo wo búrẹ́dì, mo wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì: *Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ inú fíríìjì yìí. Ẹni tó bá rú òfin yóò jẹ̀bi. Alága Ètò Ààbò.*

"Ta ni alága ètò ààbò?"

Ó wolẹ̀. "Èmi ni, mà."

Bí mi ò bá ní rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí n sá. Mo yíjú sí ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ni mo yọ akọ̀wé kan níṣẹ́ nítorí ọsàn."

"Mi ò ní sọ. Àmọ́ ẹ máa ràn mí lọ́wọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa abọ́ yín wọ̀nyí. Níbo ni wọ́n kó ìyókù sí?"

Ó mú mi lọ síbi àpò ọ̀rá tí wọ́n ń kó abọ́ sí kí wọ́n tó sè é láti pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹnu rẹ̀, ó dì í le. Onítáì wọ ìbọ̀wọ́, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́ sílẹ̀ fún mi. Bí kò bá jẹ́ nítorí búrẹ́dì, kò ní ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ro ó sókè, kí ẹ lè bá mi dé ibi tí mo dé. Bí olè bá jí oògùn, tó bu omi sínú ìgò, kí ló yẹ ká rí? Abọ́ tí wọ́n kọ OÒGÙN sí á kún fún kòkòrò. Abọ́ tí wọ́n kọ OMI sí náà á kún fún kòkòrò. Omi àti omi. Kò sí abọ́ kankan tó yẹ kó mọ́.

Àmọ́ Onítáì gbé abọ́ OMI kan sókè sí iná, ẹnu yà á. Àárín rẹ̀ mọ́ roboto.

"Háà! Omi wo ló ń pa kòkòrò?"

"Ṣé wọ́n pààrọ̀ ìgò méjèèjì ni?" mo bi í. "Oògùn bọ́ sínú ìgò omi, omi bọ́ sínú ìgò oògùn?"

"Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo abọ́ OMI ló máa mọ́." Ó gbé òmíràn. Ìyẹn náà OMI ni, ṣùgbọ́n kòkòrò ti bò ó. Ó gbé abọ́ OÒGÙN kan tí ẹ̀gbọ́n mi ò fi hàn mí. Ó mọ́, bó ṣe yẹ kó mọ́. Àwọn kan tọ̀nà, àwọn kan ṣìnà, wọn ò tẹ̀lé ètò kankan.

Mo jókòó sórí àga. Kò sí olè tó ń jí nǹkan báyìí. Olè tó pààrọ̀ ìgò á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀tá tó fẹ́ bá ènìyàn jà á da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tó ń ṣe díẹ̀ níbí, tó ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe ọgbọ́n, kì í ṣe ìkà. Àṣìṣe ni.

Onítáì ṣì ń yí abọ́ náà lọ́wọ́, ó ń wá nǹkan kan nídìí rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá?"

"Mo ń wá ohun tí wọ́n kọ ni. Ta ló kọ ọ́ sórí ìdérí?"

"Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí?"

"Ó tì o! Òfin àkọ́kọ́ nínú láàbù nìyẹn. Ìdí abọ́ la ń kọ ọ́ sí. Jẹ́lì ò lè kúrò nídìí abọ́, àmọ́ ìdérí, ẹ wò ó, ìdérí kan náà ni gbogbo wọn." Ó ṣí méjì, ó pààrọ̀ ìdérí wọn níwájú mi. "Ó tán. Oògùn ti di omi. Bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ló kọ́ gbogbo wa. Wọ́n máa ń fi rúlà gbá wa lọ́wọ́ tí a bá kọ ọ́ sí ìdérí."

Lẹ́tà tó wà lórí ìdérí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ orúkọ mi sára báàgì ìwé mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn, wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ ọ́. Kì í kọ ọ́ gàdàgbà bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí Onítáì máa lọ jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Mo padà wọ yàrá, mo kúnlẹ̀ síwájú àpótí ooru, mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òórùn bílíìṣì ti ń wá. Ẹnì kan ti nu ilẹ̀ ibẹ̀, àmọ́ kò nù ún dé abẹ́. Ọwọ́ mi ba àfọ́kù ìdérí kan, jẹ́lì tó ti gbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àga kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, irú àga tí ènìyàn lè kọsẹ̀ lára rẹ̀ bí kò bá rí i. Àwọ̀ rẹ̀ pupa, nínú yàrá tí gbogbo nǹkan ti funfun. Ta ni kò ní rí i?

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń wá nǹkan mọ́. Mi ò fẹ́ dìde ni.

Nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ Kékeré. Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

Mo mú ìdérí abọ́ kan tí kò ní nǹkan lára látorí tábìlì rẹ̀, mo fi bírò kọ nǹkan sí i ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi wo èyí, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ó yí i sí ọ̀nà fèrèsé, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bí adìẹ ṣe ń wo ọkà.

"Omi ni," ló wí. "Lẹ́tà Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ó máa ń tín-ín-rín jù. Mo ti ń bá a sọ ọ́."

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: *Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò ríran mọ́ ni?*

Omi lé ròrò sí mi lójú. Èmi Àwòdì! Èmi tí mo máa ń rí erùpẹ̀ lábẹ́ èékánná ẹlòmíràn. Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá ni mo jókòó tì í nílé rẹ̀, mo ń fi ẹjọ́ tí mo yanjú fọ́nnu. Ó ní kí n ka lẹ́tà kan fún òun, ó ní ó ti rẹ òun. Mo kà á. Ó ní kí n bá òun fi okùn bọ abẹ́rẹ́. Mo fi bọ̀ ọ́. Mi ò rí nǹkan kan. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Kékeré? Kí ló dé tí o dákẹ́?" Ó fi ìka tọ́ ojú ìdérí náà. "Ìwọ lo kọ ọ́."

"Èmi ni."

"Kí lo kọ?"

Mo kà á fún un.

Ó gbé ìdérí náà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá etí tábìlì, ó dì í mú.

"Láti ìgbà wo?" mo bi í.

"Ó ti ṣe díẹ̀. Àárín ojú ló ń ṣú. Bí mo bá wo ènìyàn, mo ń rí etí rẹ̀, mi ò rí imú rẹ̀. Ìwọ gan-an, ohùn ni mo fi ń dá ọ mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Mi ò rí ohun tí mo bá kọ sídìí abọ́ mọ́. Mo wá ń kọ ọ́ sórí ìdérí, kó tóbi. Lánàá, mo ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ sílé. Mi ò fẹ́ kó rí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ tá ilẹ̀. Mo gbé tíréè, mo kọsẹ̀ lára àga. Àwọn ìdérí fọ́n ká, abọ́ kan sì fọ́. Kòkòrò ò tíì hù, gbogbo abọ́ ló jọra, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó ni èyí. Mo kàn dé wọn padà. Mo ní bóyá orí á bá mi ṣe é."

"Kí ló dé tí ẹ ò dà wọ́n nù, kí ẹ tún un ṣe?"

"Wọ́n á béèrè pé kí ló dé tí mo kọ ọ́ sí ìdérí. Èmi tí mo fi rúlà gbá wọn. Ikú yá ju ẹ̀sín, Kékeré. Láàárọ̀, gbogbo wọn dúró tì mí, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi sọ 'olè' kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí mo ti sọ ọ́ tán, ó kù ẹni tí mo máa nà á sí."

"Ẹ mọ̀ pé oògùn ṣì wà nínú ìgò. Ẹ rọra gbé e padà sínú fíríìjì. Ẹnikẹ́ni kì í kẹ́ omi bẹ́ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo, ó wù mí kí n dákẹ́. Àfọ́kù ìdérí wà nínú àpò mi, mo lè sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà. Mo lè ní kí wọ́n tú Jẹ́jẹ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rí ò tó, kí gbogbo rẹ̀ rọ́ sínú ilẹ̀ báyìí. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bá tú sílẹ̀ torí pé ẹ̀rí ò tó, olè náà ni lẹ́nu àwọn tó ń pòṣé. Kò sí láàbù tó máa gbà á mọ́. Mo wo obìnrin tó fún mi ní aṣọ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tì mí.

"Ẹ dìde," mo ní. "A ń lọ sí àgọ́."

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti wà níbẹ̀ nígbà tí a dé. Télọ̀ ni, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò ráyè yọ ọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi fìlà sórí orókún. Ọmọ rẹ̀ jókòó sí òdìkejì, wọn ò wo ara wọn. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi, ó dìde fùú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ ṣàánú mi. Ọmọ mi ò jalè rí. Àmọ́ bí èṣù bá ti lò ó, ẹ fi orí jì í nítorí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yín ló máa ń sọ nílé ní gbogbo ìgbà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́."

Mo ti wà nínú àgọ́ yẹn pẹ̀lú apànìyàn, ara mi ò bù máṣọ tó bẹ́ẹ̀. Sájẹ́ńtì gan-an, tí kò mọ nǹkan kan, yíjú sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà, orókún méjèèjì, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ọkùnrin náà.

"Ẹ dìde, sà. Ẹ má bẹ̀ mí. Ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo da abọ́ rú, ojú mi ló ń fọ́. Mo mọ̀. Mo sì jẹ́ kí wọ́n mú un."

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ dìde, ó sáré wá, ó fẹ́ fà á sókè.

"Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"O ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo ti mọ̀, mà. Jẹ́lì wà lára bàtà yín láàárọ̀."

Mo rántí ibi tó ń wò. Inú bí mi sí ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ara mi ló yẹ kí inú bí mi sí. "Kí ló wá dé tí o ò sọ̀rọ̀? Wọ́n bọ́ ẹ̀wù lára rẹ, o ń ní 'ohun tí wọ́n bá sọ náà ni'!"

Ó wò mí, ó sì wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo rò pé wọ́n máa sọ ọ́ fúnra wọn ni, mà. Mo ń dúró."

Bàbá rẹ̀ ti dìde. Ó gbọn fìlà rẹ̀, ó dé e. Mo rò pé ó máa bú wa. Ì bá bú wa, ì bá dáa.

"Ẹ dìde, mà," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni wọ́n ti pe ọmọ mi lólè. Ẹ padà síbi tí gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, kí ẹ sọ ọ́ níbẹ̀."

A padà. Gbogbo wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n rí wa, Onítáì pẹ̀lú, èérún búrẹ́dì ṣì wà lára táì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀yìn ti fíríìjì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó sọ ti ojú rẹ̀. Ó sọ ti ìdérí. Ó ní, "Òfin tí mo fi rúlà kọ́ yín, èmi ni mo rú u. Ọmọ yìí kì í ṣe olè. Èmi ni mo jí orúkọ rẹ̀." Ẹni tó pòṣé láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fèrèsé.

Ó wá ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀wù tó wà lórí àga. Mo gbé e fún un. Ó gbọ̀n ọ́n, ó nà án fún Jẹ́jẹ́, ó bá a wọ apá rẹ̀ kan, ó bá a wọ èkejì. Ó wá kan bọ́tìnnì. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí aṣọ náà, ó ń wá ihò. Ó rí bọ́tìnnì, kò rí ihò. Ó rí ihò, bọ́tìnnì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò ó.

Mo gbé ẹsẹ̀, mo fẹ́ lọ bá a ṣe é. Jẹ́jẹ́ mi orí sí mi. Ọmọ náà ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró gbọnyin, ó jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ dé bọ́tìnnì náà tán.